Ẹ̀yin ará Abuja, ibo la lè gbafẹ́ dé tí owó wa á fi dé ọwọ́ ará abúlé?

Ará Kúbwà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa níhìn-ín máa ń ṣe ìjáde. Hòtẹ́ẹ̀lì la máa ń lọ tẹ́lẹ̀: a jẹun, a jó, a ya fọ́tò, ó parí. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọ̀dọ́ fárí gá, wọ́n ní igbó àti omi làwọn fẹ́ rí. Akọ̀wé wa tún wá fi tiẹ̀ lé e, ó ní ibi yòówù tá a bá lọ, kí owó tá a máa ná dé ọwọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí igbó àti ẹranko ibẹ̀ náà sì jàǹfààní nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? Níbì kan tá a lọ rí, àwọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ wa, kò sì sí rìsíìtì lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n wá ibi tá a máa lọ. Bọ́ọ̀sì kan la máa kún, tàgbà tọmọdé. Ẹ gbà mí o.

Tísà Mínnà
Ẹ̀gbọ́n, omi Gurara ni o. Ojú ọ̀nà Suleja sí Mínnà ló wà. Òkè tó tó ọgbọ̀n mítà ni omi náà ti ń já bọ́, àsìkò òjò tá a wà yìí ló sì ń já dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró tì yín ń sọ. Àwọn Gwari máa ń sọ ọ́ pé ọdẹ wọn kan tó ń jẹ́ Buba ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń dẹ̀gbẹ́, àti pé àwọn baba wọn máa ń bọ omi náà. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló ń mú àlejò sọ̀kalẹ̀. Ẹ san owó wọn fún wọn tọkàntọkàn, kí ọmọdé kankan má sì lọ sídìí omi láìsí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ra iṣu àti ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹ̀bá títì.

Oníbéèrè Wúsè
Tísà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ̀pà rírà kọ́ ni à ń pè ní ìdáàbòbò igbó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ tó ń ran ará oko lọ́wọ́ yìí létí wa. Ta ló ni bọ́ọ̀sì? Ará ìlú. Ta ló ni hòtẹ́ẹ̀lì? Ará ìlú. Ta ló tẹ tíkẹ́ẹ̀tì? Ìjọba. Kí ló wá kan ará abúlé? Ó ń ṣọ́ mọ́tò. Ẹ padà dé ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó rí i pé igi tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ ti di èédú nínú àpò, wọ́n ti tò ó sí ẹ̀bá títì. Àwa tá à ń sọ̀rọ̀ yìí náà la sì máa ń rà á tá a bá fẹ́ sun ẹran.

Ìyá Kẹ́mi, Jos
Oníbéèrè, má bínú, àmọ́ ibì kan wà tí igi ń pọ̀ sí i dípò kó dín. Igbó Amurum ni, ní Laminga lẹ́yìn Jos níbí. Àwọn ará Laminga ló yọ̀ǹda ilẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis tí wọ́n ń pè ní APLORI sì wà níbẹ̀ láti 2001. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sọ fún yín pé wọ́n ti gé e, wọ́n ti dáná sun ún, ó ku òkúta. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi, wọ́n ń ṣọ́ ọ, igi sì tún hù. Irú ẹyẹ tó wà níbẹ̀ lé ní igba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹyẹ kan. Ẹyẹ dúdú kékeré kan wà ní òkè Jos tó jẹ́ ọ̀lẹ, inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ló máa ń yé ẹyin sí. Bí ọmọ rẹ̀ bá dàgbà, orin baba tó tọ́ ọ ló máa ń kọ. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Payne, fetí sí orin náà, ó rí i pé orin ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé ni. Ó wá baba alágbàtọ́ náà títí ó fi rí i láàárín òkúta, ẹyẹ pupa kékeré kan, ó sì kéde rẹ̀ fáyé ní 1998. Rock firefinch lorúkọ rẹ̀. Tìtorí ẹyẹ tí ò ju àtàǹpàkò lọ yìí làwọn òyìnbó ṣe ń wọkọ̀ òfuurufú wá sí Jos. Ọmọ oníbàárà mi kan ló máa ń mú wọn rìn lójúmọmọ. Baba rẹ̀ ń ta igi ìdáná nígbà kan. Ọmọ yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀ka igi kan níbẹ̀ báyìí, kódà baba rẹ̀.

Oníbéèrè Wúsè
Àǹtí, ìyẹn dùn létí. Àmọ́ ọmọ kan ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ò mọ orúkọ ẹyẹ ńkọ́?

Bàbá Igbó
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ igbó ni mo ṣe ní ìhà àríwá yìí kí n tó fẹ̀yìntì. Ìbéèrè Wúsè yẹn dáa, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì fi nǹkan kan sílẹ̀: oṣù wo ni owó yìí ń wọlé?

Ará oko níbí kì í gé igi, kì í sì í dẹ̀gbẹ́ bákan náà lọ́dún yípo. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí di ìkórè, oko ló wà. Tí wọ́n bá ti kórè tán, tí ọyẹ́ bá dé, iṣẹ́ ò sí. Owó iléèwé ọmọ wà níwájú, àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó tuntun ń wá owó, àsìkò yẹn gan-an ni èédú á gbẹ dáadáa, koríko á gbẹ, wọ́n á sì fi iná sí i kí ọ̀yà lè jáde. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni igbó máa ń rí màbo. Ẹ wá wò ó, oṣù wọ̀nyẹn náà ni àlejò ń fẹ́ wo ẹranko, torí omi ti gbẹ káàkiri, gbogbo ẹranko á sì kó ara wọn jọ sí etí ìwọ̀nba tó kù. Bí owó àlejò bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní oṣù tí ì bá gbé àáké náà, igbó á rí ìsinmi. Bó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tàbí sí oṣù mìíràn, ẹ kàn gbafẹ́ ni, kò sí aburú níbẹ̀, àmọ́ ẹ má pè é ní ìdáàbòbò.

Tísà, ìdí nìyẹn tí Gurara fi ṣòro díẹ̀. Ìgbà tí omi ń já dáadáa ni ọkùnrin abúlé wà lóko. Ẹ lè lọ, àmọ́ ẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú.

Tísà Mínnà
Bàbá, ẹ ṣé, sà. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an kì í wá síléèwé dáadáa lásìkò yìí, torí oko.

Ọmọ Bauchi
Ẹ̀yin ò tíì dárúkọ Yankari láti òwúrọ̀! Bauchi ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò níbẹ̀. Ọgbà ẹranko ni Yankari, ó fẹ̀ tó 2,244 km² nínú ìjọba ìbílẹ̀ Alkaleri. Ní 1956 ni wọ́n pààlà rẹ̀, 1962 ni wọ́n ṣí i fún àlejò. Ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, wọ́n sì dá a padà fún ìpínlẹ̀ Bauchi ní 2006. Omi Wikki tó ń sun níbẹ̀ ńkọ́? Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 31°C, òru àti ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, ó mọ́ tó fi jẹ́ pé ẹ ó rí ìka ẹsẹ̀ yín nísàlẹ̀. Ẹ kàn mú oúnjẹ yín dání dáadáa ni, àwọn ọ̀bọ ńláńlá ibẹ̀ kò bẹ̀rù aláṣọ ńlá. Wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ àǹtí mi kan, wọ́n jẹ búrẹ́dì inú rẹ̀ tán lójú rẹ̀, wọ́n wá ju báàgì padà sí i.

Erin tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, agbo tó pọ̀ jù tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà nìyẹn. Láti 2014 ni WCS, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, àti ìjọba ìpínlẹ̀ ti jọ ń bójú tó ọgbà náà.

Oníbéèrè Wúsè
Ọmọ Bauchi, àwa tó ń wẹ̀ nínú Wikki ń gbádùn erin. Ẹni tí erin wọ oko rẹ̀ lóru, tó jẹ ọkà bàbà rẹ̀ tán, ta ló ń fún un ní owó gbà-má-bínú?

Ọmọ Bauchi
Ìbéèrè tó nira gan-an nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí ọkà bá ti ń gbó ni erin ń jáde, wọn ò ka pààlà sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé WCS so ẹ̀rọ mọ́ erin mélòó kan lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí agbo ń lọ, wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé etí ọgbà sí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní olùṣọ́ erin. Bí erin bá ti súnmọ́ oko, àwọn wọ̀nyí á ti gbọ́, wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á dá a padà sínú igbó kó tó di ìjà. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, oko baba wọn ni wọ́n ń ṣọ́, erin náà sì ń yè. Ó yàtọ̀ sí kí ẹ̀ṣọ́ kan wá láti ìlú mìíràn, tó máa lé gbogbo wọn kúrò pẹ̀lú ìbọn.

Oníbéèrè Wúsè
Ìyẹn mo lè gbà. Iṣẹ́ oṣù ni, kò dúró de àlejò. Ẹ fi síbẹ̀.

Kọ́pà Serti
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Serti ní Taraba ni mo ti sin ilẹ̀ baba mi. Gashaka-Gumti ló wà níbẹ̀, ó tóbi ju gbogbo ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ yòókù lọ, ó lé ní 6,000 km². Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, wà níbẹ̀, 2,419 mítà. Ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee pọ̀ nínú igbó ẹsẹ̀ òkè. Àwọn darandaran sì wà nínú ọgbà náà pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti màlúù wọn, torí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kó tó di ọgbà, ìjọba sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ta ló máa lé ẹni tí bàbá rẹ̀ sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀? Ní 2018 ni àjọ Africa Nature Investors bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé láti máa bójú tó o, àwọn ọmọ agbègbè sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Kúbwà, kì í ṣe fún àwọn ìyá àgbà tó wọ gèlè o. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ẹ̀yìn á ro gbogbo yín.

Adé, Birnin Kebbi
Bàbá Igbó ti sọ ti oṣù, ẹ jẹ́ kí n fi ọdún ìpẹja Argungu, ní Kebbi níbí, tì í lẹ́yìn. Gbogbo wa la ti rí fọ́tò náà: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin nínú odò, àwọ̀n lọ́wọ́, igbá ńlá lábẹ́ àyà. 1934 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Sultan Sókótó wá kí wọn. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́ ní 2016. Ohun tí fọ́tò kì í fi hàn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja ní apá odò yẹn, Matan Fada, ṣáájú ọjọ́ náà. Sarkin Ruwa, olórí omi, ló ń ṣọ́ ọ. Òun ló ń sọ pé omi ti ṣe tán tàbí kò tíì ṣe tán. Bí wọ́n bá wá bọ́ sínú omi, wákàtí kan péré ni, ó parí. Ẹja ti ráyè yé, ó ti ráyè dàgbà kí ìyẹn tó dé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹja tí ọkùnrin méjì ń gbé. Kò sí ẹ̀ṣọ́ láti Abuja níbẹ̀. Òfin ìlú ni.

Oníbéèrè Wúsè
Adé, láti 2010 títí di 2020, wọ́n ò ṣe é. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Ẹni tó kọ́ ilé àlejò sí Argungu tìtorí rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ìgbafẹ́ nìyẹn. Àìsàn kòrónà dé, àlejò ò wá. Wọ́n jí èèyàn gbé ní ojú ọ̀nà, àlejò ò wá. Wàhálà Jos, Ìyá Kẹ́mi mọ̀ ju mí lọ. Ará abúlé tó ti fi oko sílẹ̀ torí àlejò á padà sídìí igbó pẹ̀lú ebi àti ìbínú.

Ìyá Kẹ́mi, Jos
Ọ̀rọ̀ rẹ kò jìnnà sí òótọ́. Àwọn ọdún kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Jos rárá.

Àdùkẹ́ Gwarinpa
Nítorí náà ni mo fi fara mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ju ohun gbogbo lọ. Ẹ mú owó ogún náírà jáde nínú àpò yín, ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò yẹn, Ladi Kwali ni, ọmọ Gwari láti Kwali níbí ní agbègbè Abuja, alángbá àti àkekèé ló máa ń yà sára ìkòkò rẹ̀. Àwọn obìnrin Gwari ṣì ń mọ ìkòkò títí dòní. Wọ́n ń mọ ọ́n ní Ushafa, lẹ́bàá Bwari, níbi tí Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, dé nígbà tó wá ní 2000. Bí àlejò bá wá, wọ́n á ta ìkòkò. Bí àlejò ò bá wá, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà. Ẹnikẹ́ni kò lè dúró ní ẹnu géètì gba owó ìkòkò mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó náà sì ń bọ́ sí ọwọ́ ìyàwó ilé, èmi ò ní fẹ̀ ẹ́ lójú, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń san owó iléèwé.

Èmi àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa lọ rí. A sọ fún wọn ṣáájú pé a máa jẹun níbẹ̀, wọ́n se tùwó àti ọbẹ̀ kúkà. Owó oúnjẹ yẹn ju owó ìkòkò tá a rà lọ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Kúbwà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé kúlà ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù láti ilé. Kúlà yẹn ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! À ń gbé oúnjẹ tiwa, omi tiwa, àga tiwa, a wá ń fi ike omi sílẹ̀ fún wọn.

Ará Kúbwà
Àdùkẹ́, o fẹ́ kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ lé mi kúrò nípò ni? Jọ́lọ́ọ̀fù gan-an ni ẹgbẹ́ wọn.

Àdùkẹ́ Gwarinpa
Kí wọ́n se jọ́lọ́ọ̀fù náà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin Ushafa. Kí wọ́n ra adìẹ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n san owó iná àti omi. Ẹ gbé ìrẹsì lọ bó bá le tó bẹ́ẹ̀.

Ará Ìlọrin
Ẹ má gbàgbé ilé o. Omi Òwu wà ní Ìfẹ́lódùn, Kwara níbí, ó ga ju Gurara lọ dáadáa. Àwọn ìyá agbègbè náà ń ṣe òrí. Igi èmí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí ni mo fẹ́ sọ: ẹni tó ń rí owó òrí kì í gé e fún èédú. Ìyẹn náà ń pa igbó mọ́, àlejò wà tàbí kò sí.

Bàbá Igbó
Ará Ìlọrin sọ̀rọ̀ àgbà. Èmi á fi ìmọ̀ràn kan kún un fún Kúbwà. Kí ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ fi fóònù bá ọmọ ibẹ̀ kan sọ̀rọ̀, ẹ béèrè pé: owó ẹnu ọ̀nà ń lọ sí ọ̀dọ̀ ta? Ìgbà wo ni wọ́n ṣírò rẹ̀ gbẹ̀yìn lójú ìlú? Kí ni wọ́n fi ṣe? Bó bá lè nawọ́ sí kànga tàbí òrùlé iléèwé, ẹ lọ. Bó bá ń kálòlò, ẹ san owó ìjọba kí ẹ má bàa jà, kí ẹ wá ná ìyókù tààrà sí ọwọ́ olóúnjẹ, amọ̀kòkò àti ẹni tó mú yín rìn. Ẹ má kó bísíkíìtì àti owó dání láti máa fọ́n fún àwọn ọmọdé. Ẹ̀ ń kọ́ wọn ní báárà nìyẹn.

Oníbéèrè Wúsè
Bàbá, ìbéèrè kejì yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Mo máa ń rò pé àlejò ò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Bàbá Igbó
Ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́, bó bá fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ẹ kọ́kọ́ kí Sarki, ọba wọn.

Ará Kúbwà
Ẹ kú làálàá gbogbo yín. Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Ushafa ni gbogbo ẹgbẹ́ máa lọ lóṣù yìí, ó súnmọ́ Kúbwà, àwọn àgbà ò ní wahálà. Àdùkẹ́, jọ̀ọ́ bá mi wá ẹni tí mo lè pè níbẹ̀. Tí ìkórè bá parí, àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ á lọ sùn ní Jos, kí wọ́n lọ wo ẹyẹ Ìyá Kẹ́mi. Yankari, a ó wò ó bí ọ̀nà bá ṣe rí. Ó ku nǹkan kan: a ti san àsansílẹ̀ fún onílù.

Ìyá Kẹ́mi, Jos
Onílù kẹ̀? Wọn ò gbọ́dọ̀ mú gángan wọ Amurum o! Ẹyẹ wo ló máa dúró?

Ará Kúbwà
Ushafa ló ń lọ, mà.

Àdùkẹ́ Gwarinpa
Kí ó dúró jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sá ìkòkò sí, torí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jó. Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pè wọ́n lónìí, lọ́la wọ́n á ti lọ sóko.